Ilẹ̀kùn Inú Ojú Ọmọ Náà

Kò sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ tí wọn kò ti jà nítorí ìparí fíìmù náà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti yà á, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, abẹ á dúró sórí àgbọ̀n oníbàárà. Ìtàn náà kò le. Àwọn ènìyàn kan wọ ọkọ̀ sánmà, wọ́n kọjá oòrùn, wọ́n kọjá gbogbo ìràwọ̀ tí a mọ̀, wọ́n sì ṣìnà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ọmọdébìnrin kan ṣoṣo nínú yàrá kékeré kan. Ọmọ náà jókòó sórí ibùsùn. Ó gbé ojú sókè, ó wo ọ̀kánkán, ìyẹn ibi tí àwa òǹwòran jókòó sí. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, bí ojú ẹni tó rí ará ilé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú yẹn yí padà, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, igbe kò jáde, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ó parí síbẹ̀.

Kí ló rí?

"Ikú ni," àwọn kan á wí.

"Ikú kọ́, bàbá rẹ̀ tó kọ́kọ́ pòórá ni," àwọn mìíràn á dáhùn.

"Ìwọ tí o fo ògiri wọlé láìra tíkẹ́ẹ̀tì ló rí," onígbàjámọ̀ á wí, gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ni. Àtàǹpàkò ni gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè é, nítorí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbá òòlù mú, àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló fẹ́ kàn mọ́ igi dípò ìṣó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kan ilé tí kì í ṣe ilé fún àwọn tó ń ya fíìmù: ògiri pátákó, fèrèsé tí kò ríta, àtẹ̀gùn tí kò gbé ẹnikẹ́ni dé òkè kankan. Ìdí tí kì í fi í rẹ́rìn-ín ni pé ọmọ inú fíìmù yẹn, ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá rẹ̀ kò ṣe fíìmù mìíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Aṣọ ló fọ̀ ní ilé ìwòsàn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà á rí ìyá arúgbó tó lẹ́nu dáadáa, tó mọ àwàdà, tí ara rẹ̀ sì le. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ ìyókù. Òun ló mọ bí ìyá ṣe máa ń ta jí, tí á jókòó sí etí ibùsùn, tí á máa wo ògiri tó kọjú sí i bí ẹni tó ń retí kí ó sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni Àtàǹpàkò ti ń bi í pé, "Màámi, kí lẹ̀ ń wò?" Ìdáhùn kan náà ló sì máa ń gbà: "Ẹnì kan ṣe nǹkan kan sí mi lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ ẹni náà. Mi ò mọ nǹkan náà. Sùn, ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe ya fíìmù náà gan-an burú. Olùdarí ìgbà náà, tó ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ṣì ń yìn ín fún títí dòní. Kò sọ fún ọmọ náà pé eré ni. Bí wọ́n bá ti ya ìran tí ẹnì kan fi pòórá tán, ẹni yẹn kò gbọdọ̀ wá síbi iṣẹ́ mọ́, kò sì gbọdọ̀ dágbére. Obìnrin tó ń ṣe ìyá ọmọ náà nínú eré, tó máa ń di irun fún un bí wọ́n bá ń sinmi, òun ló kẹ́yìn. Ọmọ jí lọ́jọ́ kan, kò rí i mọ́. Ó béèrè rẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ jókòó sórí ibùsùn. Ìyá tó bí i ti kú, ẹ̀gbọ́n bàbá tó mú un wá sì ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méje wá gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀: pé wọ́n ti jáde kúrò nínú ayé, pé àwọn tó pòórá ti kú, pé òun ló kàn.

Nígbà tí olùdarí tuntun wá sílé wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó ní òun fẹ́ ya apá kejì.

"Ọmọ náà ti dàgbà sínú ọkọ̀, Mà. Ó ti darúgbó, òun nìkan ṣoṣo. Ẹ óò jókòó sórí ibùsùn kan náà. Ẹ óò dìde, kámẹ́rà á yí padà, ayé á wá rí ohun tí ẹ rí."

"Kí ni mo rí?" ìyá béèrè.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, Mà."

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ìyá, ó wo ọmọ, ó tún wo ife omi tó wà níwájú rẹ̀.

"Màámi, ẹ má lọ," ni Àtàǹpàkò wí. "Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, ṣe ló yẹ kó sá."

"Ẹni tí kò mọ ohun tó bu òun ṣán ńkọ́? Ìyẹn ń sá fún okùn, ó ń sá fún ewé, ó ń sá fún òjìji ara rẹ̀. Ó ti sú mi, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kú kí n tó mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sí olùdarí. "Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ mi yìí ni kó kan ògiri tó kọjú sí ibùsùn. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án, mi ò ní bẹ̀rù rẹ̀."

Bí iṣẹ́ ṣe kan Àtàǹpàkò nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ nínú rẹ̀: kí ìyá òun wo ògiri náà, kí ó rí i pé igi lásán ni, kí ó sì padà sílé wá sùn bí ènìyàn.

Àwọn káfíńtà fíìmù ní òfin kan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: ohun tí àwòrán bá fi hàn la ó kàn, a kì í bi àwòrán léèrè ìdí. Bí ìṣó kan bá yọrí nínú àwòrán àtijọ́, tìrẹ náà gbọ́dọ̀ yọrí. Bí kòkòrò bá kú mọ́ ara ògiri, wá kòkòrò. Ògiri mẹ́ta tó hàn nínú fíìmù náà kò fún un ní wàhálà kankan. Ẹ̀kẹrin, tó kọjú sí ibùsùn, ni kò sẹ́ni tó rí i rí.

Ọkùnrin tó ń bójú tó iná, tí wọ́n ń pè ní Oníná, ló fọ̀nà hàn án.

"Wo ẹyinjú ọmọ náà," ó wí. "Báwa oníná ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí a bá fẹ́ mọ ibi tí àwọn aṣáájú wa gbé iná sí. Ènìyàn lè purọ́, ojú kì í pa irọ́ iná."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ojú ọmọ náà sì ń tóbi, ó ń tóbi, títí ẹyinjú kan fi gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n: ojú tó ń wo òun láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun ni.

"Iná ńlá méjì nìyẹn," Oníná ń tọ́ka, "funfun bí ẹyin. Kí wá nìyí lábẹ́ wọn?"

Nǹkan gígùn kan wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán, etí rẹ̀ dúdú, ohun kékeré kan sì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn ni," Àtàǹpàkò dáhùn.

"Nínú ọkọ̀ sánmà? Ilẹ̀kùn onígi, tòun ti ọwọ́ ìdìmú bíi ti ilé ìdáná?"

"A kì í bi àwòrán léèrè."

Ó wọ̀n ọ́n láti inú ẹyinjú. Ó yan igi tó le, ó fá a títí ó fi dán, ó fi híńjì gidi gbé e kọ́ sára ògiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àtàǹpàkò, ta ló fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá? Wáyà iná àti ògiri búlọ́ọ̀kù gbọ̀ngàn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ o!"

"Àlejò rẹ ni. Lọ bu omi sílẹ̀ fún un."

Nígbà tó parí rẹ̀, ó ṣí i wò. Wáyà ló rí lóòótọ́, àti ògiri búlọ́ọ̀kù tí kò jìnnà ju ibi tí apá lè nà dé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kan fẹ́ lù ú lójú, ó tutù, ó ń rùn bí ọ̀dà tútù, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì kun ohunkóhun nínú gbọ̀ngàn náà. Ó tún gbọ́ mímí kan, irú èyí tí ọmọdé máa ń mí bó bá sunkún tán. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ó ti ilẹ̀kùn náà, ó gbé irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jáde. Kò sáré, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn.

Olùdarí ránṣẹ́ pe Bàbá Ayùn kí ó wá bá wọn wo iṣẹ́ náà. Òun ló kan yàrá àkọ́kọ́ nígbà èwe rẹ̀, òun nìkan ló sì ṣẹ́kù láàyè nínú àwọn káfíńtà ìgbà náà. Bàbá náà ń fi ọwọ́ pa àwọn ògiri, ó ń mi orí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí burú! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Àní ibi tí ayùn mi ti yẹ̀, ẹ jẹ́ kó yẹ̀!" Ó yíjú padà. "Kí wá lèyí?"

"Ògiri kẹrin ni, Bàbá. Àti ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Kò sí ògiri kẹrin. Ibi tí àwa gan-an dúró sí nìyí: èmi, kámẹ́rà, iná, olùdarí. Gbọ̀ngàn òfìfo ló wà lẹ́yìn wa. Ilẹ̀kùn wo?"

Àtàǹpàkò wo ilẹ̀kùn tó kàn. "Kí ló wá dẹ́rù ba ọmọ náà?"

Bàbá Ayùn jókòó sórí ibùsùn ọmọ náà, ó sì tún yára dìde, bí ẹni tó rántí pé ibẹ̀ kì í ṣe tòun.

"Kò sí nǹkan kan. Olùdarí kàn ní ká dákẹ́ ni, ká wo ohun tí yóò ṣe. Ọmọ náà ń wo àlàfo tó wà láàárín èmi àti kámẹ́rà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń dákẹ́ láàárín bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ó di nǹkan kan mú. Lẹ́yìn náà ló ṣe ojú tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tó sọ, wọ́n gé e kúrò nínú fíìmù. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi jáde, mo lọ bì."

Bí bàbá náà ṣe lọ tán, Àtàǹpàkò padà sídìí kọ̀ǹpútà Oníná. "Tẹ̀ ẹ́ síwájú," ó wí. "Díẹ̀díẹ̀."

Nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn inú ojú ọmọ náà ti ṣí díẹ̀. Nínú èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, ó ti ṣí sílẹ̀ pátápátá. Obìnrin kan dúró síbẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan di ilẹ̀kùn náà mú. Ofaróòlù káfíńtà ló wọ̀. Pẹ́ńsù kan gún sínú irun rẹ̀.

Oníná yíjú wo Àtàǹpàkò. Ó wo ofaróòlù rẹ̀. Ó wo pẹ́ńsù tó wà nínú irun rẹ̀.

"Mò ń lọ jẹun," ó wí. Ó ti jẹun, kò sì tíì pẹ́. Ó jáde lọ, kò padà wá lọ́jọ́ náà.

Àtàǹpàkò nìkan ló tẹ ìyókù. Ìyá arúgbó kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà náà. Ó ń súnmọ́ tòsí, ó ń tóbi nínú ẹyinjú ọmọ náà, títí àwòrán fi kún fún un. Bó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ òsì ju ọ̀tún lọ, bó ṣe ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú: ìyá òun ni. Lẹ́yìn náà omi bo ojú ọmọ náà, kò sì sí ohun tó tún ṣeé rí níbẹ̀ mọ́. Ó wò ó léraléra. Ó rí ibi tí ìyá òun gbà wọlé. Kò rí ibi tó gbà jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ìran náà, ó ti dé gbọ̀ngàn ṣáájú gbogbo wọn. Ìṣó gígùn ló lò. Ó kan ilẹ̀kùn náà pa mọ́ férémù rẹ̀ lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni ń kan pósí. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a. Wọ́n ti wọ aṣọ aláwọ̀ eérú ti inú ọkọ̀ sánmà fún ìyá, wọ́n sì ti fi àtíkè pa á lójú.

"Yọ ìṣó yẹn, ọmọ mi."

"Màámi, mo rí yín nínú ojú yẹn. Ẹ wọlé, mi ò rí kí ẹ jáde. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ìyá arúgbó mìíràn, wọ́n pọ̀ nígboro."

Ìyá rẹ̀ jókòó sí etí ibùsùn. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn náà.

"Ìyá arúgbó kan ló wá," ó wí. "Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n ní irọ́ ni. Mo sọ ọ́ títí èmi gan-an fi gbà pé irọ́ ni."

"Kí ló bá yín sọ?"

"Ó ní eré ni. Ó ní kò sẹ́ni tó kú, pé gbogbo wọn ń bẹ nílé wọn, wọ́n ń jẹun. Ó ní màá dàgbà. Ó ní màá bí ọmọ kan tí yóò máa kan ìṣó mọ́ ìka ara rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé ayé lé. Bí mi ò bá lọ, ta ni yóò sọ ọ́ fún un? Ọmọ ọdún méje ni o. Ó ti jókòó síbẹ̀ pẹ́."

"Kí ló wá dẹ́rù bà yín?"

"Ohun tó tẹ̀lé e ni mi ò rántí."

Àtàǹpàkò dúró, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá yọ ìṣó, ó lè pàdánù ìyá. Bí kò bá yọ ọ́, ọmọ yẹn á wà nínú yàrá yẹn láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀, ìyá tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí gan-an kò sì ní bọ́ níbẹ̀ láéláé. Ó fi etí òòlù kọ́ ìṣó àkọ́kọ́. Ìṣó wọlé wẹ́rẹ́. Jíjáde rẹ̀ ló ń ké.

"Màá fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn mú," ó wí. "Bí mo bá sì pè yín, kí ẹ jáde o. Ẹ má ṣe orí kunkun yín yẹn."

"Ta ni mo bí ọ jọ? Mo ṣèlérí, màá jáde."

Wọ́n tan iná. Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Wọ́n ní kí Àtàǹpàkò lúgọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i, kí ó fi okùn tín-ín-rín fa ilẹ̀kùn náà ṣí bí olùdarí bá gbé ọwọ́. Ìyá dìde lórí ibùsùn, ó rìn wá. Olùdarí gbé ọwọ́. Àtàǹpàkò fa okùn.

Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù níbẹ̀.

Yàrá náà ló wà níbẹ̀, yàrá kan náà, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju tiwọn lọ, ọ̀dà ara ògiri rẹ̀ sì ṣì tutù. Ọmọdébìnrin kan jókòó sórí ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra lábẹ́ kúbùsù. Irun rẹ̀ ti ń tú, kò sẹ́ni tó bá a dì í mọ́. Ìyá kọjá lára Àtàǹpàkò láìwò ó, ó wọlé. Àtàǹpàkò gbàgbé kámẹ́rà, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ di ilẹ̀kùn náà mú.

Ó gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ìyá ṣe sọ ọ́ fún un ní òwúrọ̀. Ojú ọmọ náà rọ̀. Ó na ìka, ó fi kan ojú ìyá arúgbó náà tó ti hunjọ.

"Ẹ ti darúgbó gan-an, Mà."

"Ó ti ṣe díẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ̀yin náà máa pòórá?"

Ìyá jókòó tì í. Ó wo ọmọ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun rẹ̀ tó tú.

"Mi ò ní pòórá," ó wí.

Lójú ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn náà wúwo. Àtàǹpàkò mọ igi tó fi ṣe é, ó mọ bó ṣe wúwo tó. Èyí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ènìyàn ti ń ti ènìyàn. Lẹ́yìn ibùsùn, igun yàrá náà ti ń ṣókùnkùn, òkùnkùn náà sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí kúbùsù.

"Màámi! Ó tó!"

"Máa lọ, ọmọ mi," ìyá rẹ̀ dáhùn, kò yíjú. "Ti ilẹ̀kùn. Mo ti ṣèlérí fún un."

"Ẹ̀yin náà ṣèlérí fún mi!"

"Ìwọ ti dàgbà."

Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn náà, ó na ara wọlé, ó gbá ìyá rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́ mú, ó sì fà á. Ọmọ náà di ọwọ́ kejì mú. Ìyá wà láàárín wọn, ẹni kan ń fà á sọ́hùn-ún, ẹni kan ń fà á síhìn-ín, kò sì ran ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́wọ́. Káfíńtà lágbára ju ọmọ ọdún méje lọ. Ìka kékeré wọ̀nyẹn yọ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó sáré tẹ̀lé wọn, ó sì gbé ojú sókè. Ìyá arúgbó kọ́ ló wò. Àtàǹpàkò ló wò.

Àtàǹpàkò ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn lójú.

Ohun tó rí kẹ́yìn kí igi tó pàdé igi ni ojú tí gbogbo ayé mọ̀, tó wà lára páálí lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé sinimá, tí wọ́n ń jà lé lórí ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹnu náà là gbàgà. Igbe kò jáde.

"Gé e!" olùdarí kígbe.

Ìyá jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í. Lẹ́yìn náà ìyá gbé ọwọ́, ó fi pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń wò ó bí ènìyàn ti ń wo ojú ọ̀nà tó ti ń wá kiri láti ìgbà èwe.

"Ìwọ ni," ó wí. "Ìwọ ni mo rí lọ́jọ́ yẹn."

Àtàǹpàkò di ọwọ́ náà mú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe!" Olùdarí ti sáré dé, ọwọ́ rẹ̀ ń fò lókè. "Bí ẹ ṣe jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tí ẹ ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo irun ara mi dìde! Ṣùgbọ́n Àtàǹpàkò, kí lo wá dé inú àwòrán? Gbogbo wa rí ọ, tìwọ ti wáyà, tìwọ ti ògiri búlọ́ọ̀kù. Ó bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó yá, ẹ padà sáyè yín. A óò tún un yà."

Ìyá gbé orí sókè. "Ẹ tún kí ni yà?"

"Lẹ́ẹ̀kan sí i péré, Mà. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Títí yóò fi dára ni."

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ya tèmi," ìyá wí. Ohùn rẹ̀ kéré. "Ọmọ náà kò ní lè fara da ẹ̀ẹ̀kejì."

Olùdarí wò wọ́n, kò yé e. Àtàǹpàkò dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń tiro. Ó fa sukudiráífà yọ lápò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú sukúrúù híńjì.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń tú u."

"Ta ló ní kí o tú u? Ó di dandan kí ilẹ̀kùn wà níbẹ̀!"

"Èmi ni mo kàn án, Ọ̀gá. Ẹ lọ wá káfíńtà mìíràn kó kan tiyín."

Sukúrúù tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣubú sí i láyà, ó gbà á mọ́ra. Ní ẹnu ọ̀nà tó ṣófo náà, ògiri búlọ́ọ̀kù ló kù, àti wáyà iná. Ìyá wo ibẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Wọ́n jáde lọ́sàn-án gangan. Oòrùn ń ran lórí pápá tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ilẹ̀kùn náà pọ̀n sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Àtàǹpàkò fi mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan kan ń kan igi náà láti inú, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè dé. Kò le. Kò yára. Ó ń kàn, ó ń dákẹ́, ó tún ń kàn.

Ó dúró gbagidi. "Màámi."

Ìyá ti gbọ́. Ó súnmọ́ tòsí, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé igi náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́, bí a ti ń gbá ọmọ lẹ́yìn.

"Má dúró," ó wí. "Máa rìn lọ. Bí o bá ń rìn báyìí, yóò sùn."